Ọ́fíìsì tó ya pláànù ilé mi n'Ìbàdàn: síkéèlì tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ́ ni mo bá níbẹ̀

Bàbá tó ń yẹ pláànù wò ní ọ́fíìsì pláànù ìjọba ò pariwo mọ́ mi rárá. Ó kàn fa dúróọ̀ ẹ̀, ó mú rúlà onígun mẹ́ta kan jáde, èyí tí wọ́n fi ń ka iye mítà lórí pláànù, ó gbé e lé pláànù mi, ó ní, "Ìyáàfin, ẹ súnmọ́ bí. Báwo ni ilé yín ṣe fẹ̀ tó?" Mo ní mítà mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀, 9.2 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní kí n wo rúlà. Mítà 4.6 ni mo bá níbẹ̀. Ó tún sún rúlà sí àlàfo tó wà láàrin ilé àti fẹ́ǹsì, ibi tí wọ́n kọ 3.02 sí, rúlà ní 1.5. Bó ṣe ká gbogbo ẹ̀ padà nìyẹn, sẹ́ẹ̀tì márààrún, ó tì í sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ gbé e padà fún ẹni tó yà á."

Ó dùn mí dé akínyẹmí ara. Kì í ṣe ọmọ ìta ni mo gbéṣẹ́ fún. Ọ́fíìsì gidi ni, wọ́n ní pátákó, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì ní akítẹ́ẹ̀tì tó ní òǹtẹ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn akítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo tiẹ̀ yẹ ìyẹn wò kí n tó sanwó torí wọ́n ti sọ fún mi pé dráfúmaàn tí ò ní òǹtẹ̀, bó ti wù kó mọ ilé yà tó, ìwé ẹ̀ ò lè wọlé ní ọ́fíìsì pláànù. ₦250,000 ni mo san, fún búngálò oníyàrá mẹ́rin lórí ilẹ̀ 50 by 100 tí mo ní lẹ́yìn Moníyà, pẹ̀lú ti ínjínnía tó máa fi òǹtẹ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tiwọn, lu ti irin àti fandéṣọ̀n. Mo ti kó sọ́fèè, rìsíìtì ilẹ̀ àti ìwé owó orí ọdún mẹ́ta jọ. Bíríkìlà ti ń pè mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo la máa gbẹ́ fandéṣọ̀n. Àwọn ará ilé ní kí n kàn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe ìyẹn, láti 1992 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé ká gbàṣẹ ká tó kọ́lé, mo sì ti rí ilé tí wọ́n kọ X pupa sí lára, ti èèyàn mi kan ni.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ̀dọ̀ àwọn tó yà á lọ. Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó síwájú ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, ọ̀gá wà ní sáìtì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó." Aago mẹ́wàá ààbọ̀ nìyẹn. Ó gbé omi fún mi, ó bá mi tan fáànù, kò sí ohun tí mo lè sọ sí tiẹ̀, ọmọ tó níwà ni. Àmọ́ nígbà tó di aago kan kọjá ni mo gbọ́ ohùn ọ̀gá nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀! Mo dìde, mo wọlé lọ bá a, mo tú pláànù náà sórí tábìlì ẹ̀. Ẹ mọ ohun tó sọ? Kò tiẹ̀ wò ó. Ó ní, "Màámi, bá a ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Owó làwọn yẹn ń wá, ẹ fi nǹkan sí i fún wọn, wọ́n á fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Ọ̀gá, bàbá tó dá mi padà ò bi mí ní kọ́bọ̀. Rúlà ló mú jáde."

Ó wá ní tí mo bá fẹ́ kí àwọn tún un tẹ̀, ₦35,000 ni. Owó ìtẹ̀wé lórí àṣìṣe tiwọn! Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo kó ìwé mi, mo jáde, mo ti pinnu pé mo máa lọ gbé e fún ẹlòmíì, kí n gbà pé owó yẹn ti wọgbó.

Géètì ni ọmọkùnrin kan ti sáré bá mi. Mo ti máa ń rí i nídìí kọ̀ǹpútà nígbàkigbà tí mo bá wá, a ò tí ì sọ̀rọ̀ rí ju ẹ ǹlẹ́ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, èmi ni mo yà á. Ẹ jẹ́ n wò ó." Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò la tẹ́ ìwé yẹn sí nínú oòrùn. Ó fi rúlà ọmọ iléèwé wọn ìbú ilé, ó jẹ́ mìlímítà 46. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ó yẹ kó jẹ́ 92, torí tó bá jẹ́ 1:100, sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé ni mítà kan lórí ilẹ̀. Ó ní orí pépà A1 lòun ya gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí nínú kọ̀ǹpútà, inú ilé, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òrùlé, àti àwòrán ilé bí ẹni là á sí méjì, pé àwọn tó lọ tẹ̀ ẹ́ ló fún un pọ̀ mọ́ A3 kówó lè dín kù. A3 jẹ́ ìdajì A1 ní gígùn àti ní ìbú, nítorí náà ohun tó jẹ́ 1:100 ti di 1:200, wọn ò sì yí ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ padà. Gbogbo nǹkan tó yé ọmọ yẹn láàrin ìṣẹ́jú méjì, ọ̀gá ẹ̀ ò fẹ́ wò ó.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tó jẹ́ pé òun ló gbà mí: "Mà, ta ló wá wọn ilẹ̀ yín?" Mo ní kò sẹ́nì kankan. Orí sọ́fèè ni wọ́n ti mú gbogbo ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé ó wá sáìtì, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, pẹ̀lú téèpù gígùn. Owó ọkọ̀ ara ẹ̀ ló fi wá, ìgbà tí mo fẹ́ fún un padà kò gbà á. Wọ́n wọn iwájú, wọ́n wọn ẹ̀yìn, wọ́n tún wọn ọ̀tún sí òsì ìgbà mẹ́ta, mo ń rí i pé ojú ẹ̀ ń yí padà. Sọ́fèè ní ìbú ilẹ̀ jẹ́ mítà 15.24. Téèpù ní 14.8. Fẹ́ǹsì bàbá tá a jọ pààlà ti wọ inú ilẹ̀ mi ní sẹ̀ǹtímítà 44, ó ti mọ fẹ́ǹsì ọ̀hún kí n tó ra ilẹ̀. Mo pe sọ́féyọ̀, ó wá, ó wá píllà ààlà rí lábẹ́ koríko, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ bí ọ̀rọ̀ ààlà ṣe ń di ìjà ìran dé ìran n'Ìbàdàn, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi joyè aláròjinlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá yẹn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mi ò ní wó fẹ́ǹsì lé e lórí.

Ọmọkùnrin yẹn ló bá mi wá ọ̀nà ẹ̀. Ó dín ìbú ilé kù láti 9.2 sí 8.8, kí mítà mẹ́ta-mẹ́ta ṣì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó mú sẹ̀ǹtímítà 30 nínú kọ́rídọ̀ tó jẹ́ mítà 1.5 tẹ́lẹ̀, ó mú 10 tó kù níbi wọ́dúróòbù. Ó tún rí i pé àmì àríwá tí wọ́n fi sí pláànù àkọ́kọ́ ò bá ti sọ́fèè mu, pé ìwọ̀ oòrùn ni iwájú ilé mi kọ sí. Ó sì bi mí pé ibo ni kànga wà, torí wọ́n ti yàwòrán sọ́káwéè, kòtò omi ìdọ̀tí ilé, sí ẹ̀yìn, kòńgẹ́ ibi tí kànga mi wà gan-an ni! Wọn ò bi mí rí. Ó gbé sọ́káwéè lọ síwájú, kí méjèèjì lè jìnnà síra.

Wàyí o, ẹ má rò pé gbogbo nǹkan wá dùn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló tún gbà. Ọ̀gá ní àfi kí n san ₦40,000 torí ínjínnía náà máa tún tiẹ̀ ṣe, mo san án, ẹnu ẹ̀ ò sì sọ pẹ̀lẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ọmọbìnrin iwájú ló ń pè mí, òun ló ń bẹ̀bẹ̀ fún wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì sọ pé ó ti délẹ̀ tí mo débẹ̀ tí kò tí ì délẹ̀. Láti Moníyà dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ṣírò owó epo.

Àmọ́ nígbà tó délẹ̀, ó délẹ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan lórí A3 tiẹ̀, wọn ò fún un pọ̀ rárá, àyè sì gbà á dáadáa. Wọ́n fi ọ̀pá síkéèlì kan sísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ìlà kékeré tí wọ́n pín sí mítà-mítà, èyí tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá tún fún ìwé yẹn pọ̀, òun náà á fún pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ó ṣì lè fi wọn nǹkan. Tí pláànù yín ò bá ní ìlà yẹn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì ra rúlà onígun mẹ́ta yẹn, wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àti bírò, ẹ wọn ilé yín níwájú wọn kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.

Mo gbé e padà fún bàbá. Ó fa dúróọ̀. Ìbú ilé, 8.8. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, 3. Ẹ̀gbẹ́ òsì, 3. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ẹ káre," ó sì lu sítáǹpù pé wọ́n ti gbà á wọlé. Wọ́n ti wá wo ilẹ̀, àpúrúfù ti jáde, fandéṣọ̀n ti dé ìpele búlọ́ọ̀kù kẹta.

Mo fún ọ́fíìsì yẹn ní 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi lónìí péye, ọmọkùnrin yẹn ló sì jẹ́ kó péye, abẹ́ òrùlé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan tó kù, ọ̀gá ló mú un kúrò. Lọ́jọ́ tó bá pè mí láti ní kí n má bínú, màá padà wá síbí wá fi kún un.