Fatiláísà ìrànwọ́ ìjọba tí mo gbà l'Ábẹ́òkúta: ìràwọ̀ 3 nínú 5

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, ẹni tó bá ti gba níbẹ̀ máa mọ ibi tí mò ń sọ.

Apá Ọ̀dẹ̀dá l'oko mi wà, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn. Ọ̀kadà kan, mọ́tò kan kí n tó dé ìgboro, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì lọ kí n tó rí báàgì méjì gbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ní kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti fi gba fatiláísà ò jáde lórí ẹ̀rọ àwọn, lọ́jọ́ kejì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, a jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, àwọn ìyá àgbà wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹnu kan nǹkan kan, ó dùn mí gan-an.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dáa náà o. Ọmọbìnrin tó ń yẹ kóòdù wò yẹn ò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, òun ló ń ka tẹ́ẹ̀sì fún àwọn tí ò mọ̀wé kà, Ọlọ́run á bù kún un. Ìdajì iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ni mo san. Báàgì NPK 15-15-15 kan (fatiláísà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi sí àgbàdo), báàgì yúríà kan (èyí tó ń tẹ̀ lé e), mo gbé wọn sórí ìwọ̀n nígbà tí mo délé, 50 kílò géérégé l'ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò tú ẹnu ẹ̀ rí.

Àsìkò ni mo torí ẹ̀ yọ ìràwọ̀ méjì. Oṣù kẹrin ni mo gbin àgbàdo, ó yẹ kí NPK ti wọlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, kí yúríà tẹ̀ lé e ní bíi ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé báàgì méjèèjì délé, àgbàdo mi ti gbọ́mọ pọ̀n! Mo ti fi owó àjọ ra báàgì kan lọ́jà ní owó gọbọi kí ewé àgbàdo má baà pọ́n mọ́ mi lọ́wọ́, ìrànwọ́ wo ló wá kù níbẹ̀?

Ohun tó ń ká mi lára ni pé ìjọba ti ronú ọ̀rọ̀ yìí rí. Láyé àtijọ́ ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń ra fatiláísà tó ń pín in, Akínwùmí Adésínà tó di mínísítà ètò ọ̀gbìn ní 2011 sọ pé bíi àgbẹ̀ 11 nínú 100 ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ GES (Growth Enhancement Support), ètò ìrànwọ́ fatiláísà fún àgbẹ̀, ní 2012, tẹ́ẹ̀sì á wá tààrà sórí fóònù àgbẹ̀, báàgì méjì fún ẹnì kan, ìjọba àpapọ̀ dá 25 san nínú 100, ìpínlẹ̀ dá 25, àgbẹ̀ san ìdajì tó kù. Fóònù ti lé alágbàtà lọ, ó ku kí wọ́n jẹ́ kí ẹrù ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Mo ti fi ọ̀rá wé tèmi, mo gbé e sórí pákó torí yúríà máa ń fa omi, àgbàdo àrọ̀kúrò ni mo máa fi sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ lọ, ẹ mú NIN yín dání, síìmù tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ mú lọ, kẹ́ ẹ sì jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.