Ọkọ̀ ogun HMS Belfast ní London: ẹ lọ wo ibi tí àgbá rẹ̀ kọjú sí

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó rélùwéè London Bridge tí ẹ rìn dé etí odò Thames, ẹ ti rí i nìyẹn. Àárín London Bridge àti Tower Bridge ni HMS Belfast so mọ́. Láti October 1971 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wò ó, àwọn Imperial War Museums ló sì ń bójú tó o. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ lọ.

Iwájú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ má tí ì wọ inú. Àgbá méjìlá ni ọkọ̀ yìí ní, mẹ́ta-mẹ́ta nínú ilé irin mẹ́rin, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 6. Mẹ́fà tó wà níwájú, ibi ìsinmi àwọn awakọ̀ ní London Gateway, lórí títì M1, ni wọ́n kọjú wọn sí. Ó tó nǹkan bíi máìlì 12 síbẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé, "Mọ́mì, kí làwọn èèyàn yẹn ṣe?" Wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àlejò lè mọ bí ọta rẹ̀ ṣe ń lọ jìnnà tó ni. Ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹni tó ń ra epo lọ́hùn-ún kò rí ọkọ̀ yìí, ọkọ̀ yìí kò rí i, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tó o. Èmi ò tí ì rí ibi tí wọ́n ti fi ìdúnkookò ogun han èèyàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ọta. Ọta kan wúwo tó kílò 51, ó fi díẹ̀ ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, ènìyàn ló sì ń tì í sínú ẹ̀rọ tó ń gbé e ròkè. Ilé ìdáná wà níbẹ̀, ibi ìfọṣọ, yàrá oníṣègùn eyín, yàrá ẹ̀wọ̀n. Gbogbo èyí ló wà lẹ́yìn àgbá kan tó dákẹ́. Ẹni tí kò bá lè bọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, kò sí ọ̀tá tó máa ka ìhàlẹ̀ rẹ̀ sí.

Ìtàn òkun Arctic, lókè àríwá ayé, ló dùn mọ́ mi jù nínú ogun tí Belfast jà. Ní July 1942, ọkọ̀ ẹrù 35 ń lọ sí Rọ́ṣíà. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ní London fura pé Tirpitz, ọkọ̀ ogun ńlá ti Jámánì tó wà ní Norway, ti jáde, wọ́n ní kí gbogbo wọn túká. Tirpitz kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi àti ọkọ̀ òfuurufú ló ń mú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 24 sì ṣègbé. Ìbẹ̀rù nìkan ló tú wọn ká. Ọ̀nà omi yẹn kan náà ni Belfast ń ṣọ́ nígbà tí òun àti àwọn mìíràn rì Scharnhorst, ọkọ̀ ogun Jámánì mìíràn, ní December 26, 1943. Nínú èèyàn 1,968 tó wà nínú rẹ̀, 36 ló yè.

Kòríà tún wà níbẹ̀. Ní 1949 ni Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó lè jà kúrò ní Gúúsù. Ní June 1950 ni Àríwá ya wọlé. Belfast wà lára àwọn tó lọ bá wọn jà.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ọkàn mi ò lè dúró sí Norway. Ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló wá bá wa. Ní November 1851, Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó ọkọ̀ wọ ọ̀sà láti dẹ́rù ba Ọba Kòsọ́kọ́. Ẹ̀rù ò ba ọba. Àwọn ènìyàn rẹ̀ yìnbọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì padà sẹ́yìn. Ní December wọ́n tún dé pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer, wọ́n sì rọ̀jò ọta lé Èkó lórí títí Kòsọ́kọ́ fi sá. Ogun Agídìngbì nìyẹn. Ní 1861, ọkọ̀ Prometheus wá dúró sójú ọ̀sà. Ọba Dòsùnmú kọ́kọ́ kọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn yóò yìnbọn, ó sì tọwọ́ bọ ìwé ní August 6, fún owó ọdọọdún tí wọ́n wá fi sí 1,200 àpò owó ẹyọ lẹ́yìn náà. Wọn ò yin ọta kankan lọ́jọ́ yẹn. Ọta ti 1851 ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi níwájú àgbá yẹn. Ìtàn ọkọ̀ tiwọn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa òbí ló yẹ ká sọ ti Èkó.

Mo fún ibẹ̀ ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Àkàbà irin rẹ̀ dúró ṣánṣán, àjà mẹ́sàn-án ló sì wà, ẹni tí orúnkún ń dùn kó má kọjá àjà òkè. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Ẹ fi yàrá ẹ̀rọ sí ìkẹyìn, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pátápátá ló wà, gígùn jáde rẹ̀ sì ń tánni lókun.