Àyẹ̀wò tí káńsù ń ṣe fún àgbà ní England: ẹ má jẹ́ kí "a dúpẹ́" sọ ọ́ dòfo

Òfin Care Act ọdún 2014 ló sọ ọ́ di dandan pé kí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní England ṣe àyẹ̀wò ohun tí àgbà tó bá jọ pé ó nílò ìtọ́jú ń fẹ́ ìrànwọ́ lé lórí. Ọ̀fẹ́ ni, olówó àti mẹ̀kúnnù ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Iṣẹ́ gidi ni. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn ìrànwọ́ ìyókù. Ohun tó dunni ni pé ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá ń kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Àwọn tó ṣe ètò náà gbà pé àgbà yóò ka ìnira rẹ̀ fún àlejò. Lọ́dọ̀ tiwa, bíbo àṣírí ara ni iyì àgbà. Social worker, òṣìṣẹ́ tó wá ṣe àyẹ̀wò náà, bi Màmá bóyá ó lè wẹ̀, Màmá ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mò ń wẹ̀." Kò ní sọ pé ọmọ òun ló ń gbé òun wọnú ọpọ́n ìwẹ̀, nítorí lójú rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú, ọmọ tó bí ló ń sìn ín. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìṣòro. Bẹ́ẹ̀, ìlànà tó ṣàlàyé òfin náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí àgbà nílò bí ẹni pé kò sí ẹbí tó ń ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n tó wá ro iṣẹ́ ẹbí mọ́ ọn.

Ohun mẹ́wàá ni wọ́n ń wò, lára wọn ni oúnjẹ, ìmọ́tótó ara, ìgbọ̀nsẹ̀, aṣọ wíwọ̀, rírìn nínú ilé láìfarapa, àjọṣe pẹ̀lú ẹbí, àti jíjáde sáàárín àwùjọ. Bí àìsàn tàbí àìlera kò bá jẹ́ kó lè ṣe méjì, tí èyí sì ń ni ìgbé ayé rẹ̀ lára gidigidi, ó yege. Ẹni tó ń wọṣọ fúnra rẹ̀, àmọ́ tó ń jẹ̀rora púpọ̀, tó ń pẹ́ jù nídìí rẹ̀, tàbí tó lè tibẹ̀ ṣubú, òfin kà á sí ẹni tí kò lè ṣe é. Nítorí náà, "báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" ló yẹ kí social worker bi àgbà Yorùbá, kì í ṣe "ṣé ẹ lè ṣe é?". Kó má sì pe ẹni ọgọ́rin ọdún lórúkọ gán-an. "Màmá" tàbí "Bàbá" ló ń tú ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, kí wọ́n tó dé, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo ohun tí ẹ ń bá òbí yín ṣe sílẹ̀, àgàgà ti òru: ìgbà mélòó ló jí, ta ló gbé e dìde, ìgbà wo ló ṣubú kẹ́yìn. Ẹ kọ lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí mọ́ ọn. Bí Bàbá kò bá fẹ́ kí obìnrin tí kò mọ̀ rí wẹ òun, ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ béèrè ògbufọ̀ pẹ̀lú. Ọmọ kì í sábà lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ bàbá rẹ̀ láìbo díẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ tó ń tọ́jú òbí náà lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́tọ̀, bó ti wù kí wákàtí rẹ̀ kéré tó.

Lẹ́yìn èyí lọ̀rọ̀ owó kàn. Ẹni tí owó ìpamọ́ rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò máa san gbogbo owó ìtọ́jú; bó bá jẹ́ inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, wọn kì í ka ilé náà mọ́ ọn. Irinṣẹ́ kéékèèké tí kò ju £1,000 lọ, bí irin ìdìmú ara ògiri, ọ̀fẹ́ ni. Attendance Allowance, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àgbà tí àìlera mú kó nílò ìtọ́jú, yàtọ̀ sí ti káńsù, wọn kì í sì wo owó ọwọ́ ẹni kí wọ́n tó fúnni. Ẹni tí físà rẹ̀ bá ní kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ béèrè Attendance Allowance yìí o.

Àbùkù tó burú jù ni pé òfin kò dá ọjọ́ tí àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ parí. Íméèlì ni kí ẹ fi béèrè, kí ọjọ́ rẹ̀ lè wà lákọsílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà àbájáde, ẹ kà á pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan yẹn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fo nǹkan, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí káńsù. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ó di ọ̀dọ̀ Local Government and Social Care Ombudsman, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí káńsù.