Orí àpáta, etí omi tàbí ilẹ̀ oko: ìfiwéra ibi ìpàgọ́ ní agbègbè Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ sùn níta ní agbègbè Abẹ́òkúta, oríṣi ibi mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un: orí àpáta, etí omi, àti ilẹ̀ oko tí wọ́n ṣe ọgbà yí ká. Nínú fọ́tò, kò sí èyí tí kò wuni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè sọ bí ilẹ̀ ọ̀hún ṣe máa rí tí òjò bá ká yín mọ́ inú àgọ́ láàárín òru, kò sì lè sọ bóyá ọkọ̀ yín máa ráyè yí padà. Mo fẹ́ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Kí n sì tètè sọ ibi tí ọkàn mi wà: ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, pàápàá tó bá ní ọmọdé lọ́wọ́, ilẹ̀ oko lápá Ọ̀dẹ̀dá ni kó wá. Etí omi ló ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn jù, òun sì ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fara balẹ̀ wò dáadáa.

Kí lẹ fẹ́ sùn sí ná?

Ẹni tó ní àgọ́, ilẹ̀ ló ń sanwó fún. Ẹni tó ní RV, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ibùsùn, ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí nínú, ọ̀nà, omi àti iná ló ń sanwó fún. Ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kàn án tí kò bá ṣáà ti rọ̀ tàbí kó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibi kan náà lè dára gan-an fún ẹni àkọ́kọ́, kó má wúlò rárá fún ẹnì kejì.

Ìrìn àjò wọn pàápàá yàtọ̀. Alágọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ rélùwéè, kó gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, kó sì sọ̀ ní Láderin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin yẹn ti ń gbé èrò. Láti ibẹ̀, mọ́tò tàbí márúwá ló kù. Ẹni tó gbé RV ò ní irú àǹfààní yẹn. Ọ̀nà tó gba Sango Ọ̀tà ti ń yọ àwọn awakọ̀ lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún, kòtò ibẹ̀ ò sì dára fún ọkọ̀ tó gùn, tó ga, tí abọ́ àti àwo ń mì nínú ẹ̀. Màá kúkú gba ọ̀nà Ìbàdàn dé Ṣàgámù, kí n yà sí Abẹ́òkúta láti ibẹ̀, bó tilẹ̀ jìn díẹ̀ sí i.

Orí àpáta

Láti 1830 tí Ṣódẹkẹ́ ti ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ, àpáta ni ààbò ìlú yìí. Ṣùgbọ́n Olúmọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi ìpàgọ́. Ibi ìbọ ni, ibi ìwòran sì ni. Ọ̀sán lẹ máa lọ, ẹ máa gun un, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Àpáta tí wọ́n máa ń júwe fún alágọ̀ọ́ ni àwọn tó wà nínú oko àdáni lẹ́yìn ìlú, lápá Ọ̀dẹ̀dá.

Ohun tó dára níbẹ̀ pọ̀. Kò sí ẹrẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ̀fọn ò pọ̀ tó ti etí omi, ojúmọ́ sì máa ń mọ́ síbẹ̀ lọ́nà tó ń dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ èèkàn ò wọ àpáta. Tí àgọ́ yín bá jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé okùn àti èèkàn ló gbé e dúró, ẹ má wulẹ̀ sanwó fún orí àpáta. Àgọ́ tó lè fi ọ̀pá ara rẹ̀ dúró ló yẹ ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì so okùn rẹ̀ mọ́ òkúta ńlá tí atẹ́gùn ò ní lè yí. Ooru tún ńkọ́? Àpáta tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ ò ní tutù kí oòrùn tó wọ̀. Yóò máa gbé ooru yẹn bọ̀ láti abẹ́ ibùsùn yín títí ilẹ̀ fi ṣú dáadáa. Nínú ọyẹ́, ara ń fẹ́ irú ooru bẹ́ẹ̀. Lóṣù March, ìyà ni.

Àrá ló tún bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀. Òjò tó máa ń ṣáájú láàárín March sí April, àti èyí tó máa ń kẹ́yìn lóṣù October, tìjì tàrá ni wọ́n fi ń dé. Orí àpáta gíga tí kò sí ohun tó ga ju àgọ́ yín lọ kì í ṣe ibi téèyàn ń dúró sí nírú àkókò yẹn. Ẹ bi onílẹ̀ pé ilé wo lẹ máa sá sí. Tí kò bá rí èyí tó máa nawọ́ sí, ẹ lọ síbòmíràn. Ẹ sì gbọn bàtà yín kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀, torí pé abẹ́ òkúta ni ilé àkeekèé.

RV ò ní nǹkan kan í ṣe lórí àpáta.

Etí omi

Omi méjì lọ̀rọ̀ yìí kàn: Odò Ògùn tó la ìlú kọjá, àti adágún ìsédò Ọ̀yán, tó tó nǹkan bí 20 kìlómítà sí ìlú, lápá ìwọ̀ oòrùn àríwá. Ìjọba Ṣagari ló ṣí ìsédò náà ní 1983, omi tó ń lọ sí Abẹ́òkúta àti Èkó sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún. Adágún náà gbòòrò gan-an, ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja wà lórí ẹ̀, tí oòrùn bá sì ń wọ̀, ojú ò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹ wò ó lójú, ẹ má wọ inú ẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn olùṣèwádìí ìlera ti ń rí àrùn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní àtọ̀sí ajá, lára àwọn ọmọ abúlé tó yí Ọ̀yán ká, bí Abúlé Titun àti Ìbàrò. Ìgbín omi kékeré ló ń gbé kòkòrò ẹ̀. Kòkòrò náà máa ń jáde lára ìgbín bọ́ sínú omi, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Kò dìgbà téèyàn bá mu ún. Kéèyàn fẹsẹ̀ wọ́ omi níbi tí kò jìn létí adágún, níbi tí koríko wà, ti tó. Oògùn wà fún un, praziquantel ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ kéèyàn tó mọ̀ pé òun ti kó o. Nítorí náà, tí ẹni tó fẹ́ gba owó yín bá fi ìwẹ̀ odò ṣe ara ohun tó ń tà, tó sì ti bu iye kan lé owó lórí ẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó yọ ọ́ kúrò. Omi bóòhóòlù ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀.

Ìkejì ni àkúnya. Lásìkò òjò, tí Ọ̀yán bá ti fẹ́ kún, àwọn aláṣẹ ìsédò náà máa ń tú omi sílẹ̀, inú Odò Ògùn ló sì ń dà sí. Odò lè kún ní Abẹ́òkúta láìjẹ́ pé òjò rọ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń gbé nítòsí odò ò tíì gbàgbé 2007. Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi mọ òótọ́ láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ gbójú sókè wo àwọn igi etí odò. Ẹ máa rí koríko gbígbẹ, ọ̀rá pío-wọ́tà àti àkísà tó há sí ẹ̀ka. Kì í ṣe èèyàn ló gbé wọn síbẹ̀. Ibi tí omi ga dé nígbà tó kún kẹ́yìn nìyẹn. Mo ti rí èyí tó ga ju orí mi lọ, lókè ibi tí wọ́n gbálẹ̀ sí dáadáa fún àgọ́. Tí pàǹtí bá wà lórí igi, ibi tó ga ju pàǹtí yẹn lọ ni kẹ́ ẹ pàgọ́ sí, tàbí kẹ́ ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn.

Fún RV, ilẹ̀ etí omi rọ̀ jù. Ọkọ̀ tó kó ilé rù máa ń wúwo, táyà rẹ̀ á kàn máa wọlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín òru, katakata ló sì máa fà á jáde. Ẹ má gbé e síbẹ̀, àfi tí wọ́n bá ti da òkúta wẹ́wẹ́ síbi ìgbọ́kọ̀sí. Ọjà ńlá tẹ́ ẹ máa kọjá lọ́nà Ọ̀yán ni Láfẹ́nwá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ra gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa jẹ.

Ilẹ̀ oko tó ní ọgbà

Èyí ò ní ẹwà méjì ìṣáájú. Pápá lásán ni, igi máńgòrò tàbí kaṣú díẹ̀, ilé olóko, táńkì omi. Síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́, torí pé ohun tó lè yọ yín lẹ́nu níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ lè fojú rí kẹ́ ẹ tó sanwó ni.

Ẹ mú èèkàn kan àti òkúta dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wò ó. Ẹ gbìyànjú láti gbá èèkàn náà wọlé níbi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá wọlé ṣinṣin, tí kò sì rọrùn láti fi ọwọ́ kan fà yọ, ilẹ̀ náà dára. Tó bá kan òkúta lẹ́yìn ìka méjì, àpáta wà nísàlẹ̀, omi òjò ò ní rí ibi gbà wọlẹ̀, abẹ́ àgọ́ yín ló sì máa dúró sí. Tẹ́ ẹ bá lè lọ wò ó lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, ìyẹn ló dára jù lọ.

Lásìkò ọyẹ́, iná ìgbẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ máa ń dáná sun ìgbẹ́ láàárín December sí February, iná yẹn ò sì mọ ààlà oko. Ẹ rìn yí ọgbà náà ká. Ó yẹ kí wọ́n ti ro ẹ̀yìn rẹ̀ títí tí ilẹ̀ pupa fi hàn, kó fẹ̀ tó ọ̀nà mọ́tò. Waya àti òpó nìkan ò dá iná dúró. Lásìkò òjò, ìjàlọ ni ọ̀tá. Wọ́n lè wọ́ wọ àgọ́ lóru, wọn ò sì ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ ọwọ́. Eérú tí wọ́n bá dà yí àgọ́ ká máa ń ràn yín lọ́wọ́, kí síìpù àgọ́ sì wà ní pípa ní gbogbo ìgbà.

Omi ńkọ́? Ẹ má gbà pé bóòhóòlù wà, kẹ́ ẹ ní ó ti tán. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Ẹ bi wọ́n pé tí iná bá lọ, ṣé táńkì orí òpó wà? Ọjà Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ ò jìnnà sí ọ̀pọ̀ oko apá ibẹ̀. Ẹ̀fọ́, láfún, ẹran, ẹ máa rí i rà.

Iná àti ìdọ̀tí fún ẹni tó gbé RV

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù lọ. RV tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà, iná 120 volt ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí wọ́n ti ń pàgọ́ lọ́hùn-ún sì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jẹ́ 30 tàbí 50 amp. Iná tiwa, 230 volt ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníwáyà kankan kàn pààrọ̀ ẹnu pílọ́ọ̀gì kó ní ó ti parí. Áàkọ́ńdíṣọ̀n àti fíríìjì inú ẹ̀ máa jóná. Transformer tó lè gbé e lẹ nílò. Èyí tí wọ́n ń fi mọ́tò fà láti ìlú Ọba bá iná wa mu, àmọ́ apá òsì ni ilẹ̀kùn tiwọn sábà máa ń wà. Láti 1972 ni àwa ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, nítorí náà tẹ́ ẹ bá dúró létí títì, ojú ọ̀nà gan-an ni ilẹ̀kùn yẹn máa kọjú sí. Nínú ọgbà, ìyẹn ò ní wàhálà. Lójú mi, bọ́ọ̀sì Hiace tí wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe nílé níbí, tó ní sólà lórí, bá ọ̀nà àti iná wa mu ju méjèèjì lọ.

Ẹ bi onílẹ̀ pé bándì wo ni IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wọn, fi wọ́n sí. Àwọn tó wà ní Band A ló yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, owó tiwọn sì ga láti April 2024. Ẹni tó bá ń gba owó iná lọ́wọ́ yín yẹ kó sọ èyí tí tiẹ̀ jẹ́. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ibi tó jìnnà sí ibùsùn, tí atẹ́gùn ń gbé èéfín rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, ni kó wà. Èéfín yẹn ń pa èèyàn lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ náà ni èédú tẹ́ ẹ bá gbé wọnú àgọ́ nítorí òtútù ọyẹ́. Ẹ má ṣe é rárá.

Ti ìdọ̀tí, ẹ sọ fún onílẹ̀ ṣáájú pé ẹ fẹ́ da ti inú ọkọ̀ sí sókàwéè rẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ lè pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìdọ̀tí nínú sókàwéè, onílẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ bi wọ́n bóyá owó orí ni wọ́n ń gbà tàbí owó àgọ́, bóyá ọlọ́dẹ òru wà nínú ẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó yín tí òjò bá dí yín lọ́wọ́. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ rí i dájú pé onílẹ̀ ti sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ So-Safe pé àlejò ń bọ̀.

Ẹ tún bi baálẹ̀ léèrè nípa Orò. Ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé Ẹ̀gbá ló ṣì ń ṣe é, obìnrin ò sì gbọ́dọ̀ wà níta tí Orò bá ti jáde. Àgọ́ tó wà láàárín pápá, ìta ni. Tí ọjọ́ tẹ́ ẹ mú bá bọ́ sí àsìkò yẹn, ẹ sún un síwájú, kí onílẹ̀ sì fi owó tẹ́ ẹ ti san dè yín di ọjọ́ tuntun. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì yẹn pé òun máa ṣe bẹ́ẹ̀.