NanoVNA-H4 fún áńtẹ́nà inú ara: ibi tó mọ̀ àti ibi tí kò mọ̀

Ẹni tó ń ṣe áńtẹ́nà kékeré fún ẹ̀rọ tí dókítà ń fi sábẹ́ awọ ara, bíi pacemaker, lè fi NanoVNA-H4, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí áńtẹ́nà ṣe ń gba agbára rédíò, tún un ṣe títí yóò fi bọ́ sí 402 sí 405 MHz, ìgbì rédíò tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lò. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Tó bá di ká wọn bí agbára tó ń jáde nínú ara ṣe pọ̀ tó, a ò lè gbára lé e.

Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 4, ó sì ń ka nǹkan dé 1.5 GHz. Ẹni tí áńtẹ́nà rẹ̀ tún ń lo 2.45 GHz, kó yáa ra NanoVNA V2, èyí tó dé 3 GHz.

Ẹ má lò ó bí ẹ ṣe bá a. Láti 50 kHz dé 900 MHz pẹ̀lú àmì 101 (ibi tó ti ń wọn nǹkan), MHz 9 ló wà láàárín àmì kan sí èkejì. Gbogbo MHz 3 tí ẹ ń wá lè bọ́ sáàárín wọn. Ẹ gbé e sí 350 sí 450 MHz, àmì 401, kẹ́ ẹ tó ṣe calibration, ìyẹn kíkọ́ ọ bó ṣe máa wọn nǹkan dáadáa: open (ẹnu ṣí sílẹ̀), short (ẹnu tí a so pọ̀), load (ohun tó ń gbé gbogbo agbára mì), ní ẹnu wáyà tí áńtẹ́nà máa so mọ́. Tí ẹ bá yí span (ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí) padà lẹ́yìn náà, lẹ́tà C tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ á di c kékeré. Ó ti ń méfò nìyẹn o. Ẹ tún un ṣe.

Inú afẹ́fẹ́ kọ́ la ti ń wọn áńtẹ́nà yìí. Omi tó jọ awọ ara la máa ń pò: ṣúgà 56.18, iyọ̀ 2.33, omi tí kò ní èròjà kankan nínú 41.49, nínú ìwọ̀n 100. Ohun tí à ń wá ni permittivity (bí omi náà ṣe ń fi agbára iná pamọ́) bí 46.7 àti conductivity (bó ṣe ń jẹ́ kí iná kọjá) bí 0.69 S/m, bíi ti awọ ara. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kẹ́ ẹ tó ki áńtẹ́nà bọ̀ ọ́. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń tan èèyàn jẹ: kòtò S11, ìyẹn ìlà tó ń fi agbára tó ta padà láti ara áńtẹ́nà hàn, á fẹ̀, á dà bíi pé áńtẹ́nà dára sí i, àṣé omi iyọ̀ ló ń gbé agbára mì. Tí afẹ́fẹ́ bá sì há sáàárín pátákó RO3210 méjèèjì tí ẹ fi ṣe áńtẹ́nà, tí ẹ lẹ̀ pọ̀, resonance (ibi tí áńtẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù) á sá lọ sókè.

Wáyà ló ń fa wàhálà jù. Áńtẹ́nà tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ kò ní ground (irin tí iná ń gbà padà) tó, nítorí náà ara wáyà coaxial tó so ó mọ́ NanoVNA á di apá kan áńtẹ́nà. Ẹ fọwọ́ di wáyà náà mú. Tí kòtò S11 bá ṣípò, wáyà lẹ̀ ń wọn. Ẹ kó ferrite (òrùka dúdú tó ń dá iná ara wáyà dúró) sí i lára, sún mọ́ áńtẹ́nà, kó jẹ́ oríṣi 61. Agbára oríṣi 31 ti rẹ̀ kó tó dé 400 MHz. Ẹ yọ USB náà, ẹ lo bátìrì inú rẹ̀, torí wáyà USB àti kọ̀ǹpútà á di ground mìíràn.

S21, ìyẹn agbára tó kọjá láti áńtẹ́nà kan dé èkejì, ni ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Lókè 300 MHz, harmonic (ìgbì tó jẹ́ ìlọ́po ti tirẹ̀ gan-an, tí kò lágbára tó o) ló ń lò, ohun tó lè rí kò sì ju bí 50 sí 60 dB lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gain (bí áńtẹ́nà ṣe ń rán agbára jáde tó) áńtẹ́nà inú ara jẹ́ -30 dBi, tí ti dipole, áńtẹ́nà tó wà níta tó ń gbà á, sì jẹ́ 2 dBi. Ní mítà 2, afẹ́fẹ́ nìkan ti jẹ 30.6 dB, àpapọ̀ di -58.6 dB: inú ariwo ni. Ní ìdajì mítà, ó di nǹkan bí -46.5 dB. Ẹ máa rí nǹkan, ṣùgbọ́n dipole ti sún mọ́ ọn jù láti pe iye yẹn ní gain. Ẹ fi mọ̀ bóyá àwòṣe tuntun sàn ju ti àná lọ, kó tán síbẹ̀.

Ẹnu SMA rẹ̀, ibi tí wáyà ń wọ̀, tètè ń jẹ. Ẹ de adapter kan mọ́ ọn títí ayé, adapter yẹn ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀.