Ultherapy àti àwọn ẹ̀rọ HIFU olówó pọ́ọ́kú: èwo ni a lè gbé ojú wa fún?

Ìtọ́jú tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni Ultherapy, èyí tí wọ́n fi ń mú awọ ojú àti ti ọrùn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ le padà láìlo ọ̀bẹ. Ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ṣe é, lẹ́yìn tí mo ti fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn ilé ìṣaralóge àdúgbò ń tà lábẹ́ orúkọ HIFU, ìyẹn orúkọ gbogbogbò fún fífi ìró tí a kó jọ mú abẹ́ awọ gbóná. Owó tí mo san lé ní £2,000, nígbà tí àwọn kan sọ fún mi pé £200 péré ni àwọn yóò gbà fún iṣẹ́ kan náà. Kì í ṣe iṣẹ́ kan náà rárá, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbèrò àtiṣe é, pàápàá àwa tí awọ wa dúdú, torí pé bí iná bá jó wa lójú, àpá rẹ̀ kì í tètè parẹ́.

Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, tí wọ́n ń pè ní ultrasound, ni ẹ̀rọ náà ń lò, irú èyí tí wọ́n fi ń ya scan fún aboyún, ṣùgbọ́n wọ́n kó o jọ sí ojú kan ṣoṣo nínú ara, débi pé ibẹ̀ nìkan ni yóò gbóná dé nǹkan bí 60 sí 70 ìwọ̀n Celsius, tí awọ òkè tí ó gbà kọjá kò sì ní jó. Ìjìnlẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ọ̀pá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé lé awọ, máa ń dé: 1.5, 3.0 àti 4.5 mìlímítà. Èyí tí ó jìn jù lọ ni ó máa ń kan ìpele tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń pè ní SMAS, èyí tí àwọn fúnra wọn máa ń fà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ẹni tí ó bá ti wo awọ ẹran bí ó ṣe máa ń súnkì nígbà tí iná bá mú un ti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sí kọ́lájìn, èròjà tí ó ń mú awọ le. Lẹ́yìn èyí ni ara yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ́lájìn tuntun láti fi tún ibẹ̀ ṣe, iṣẹ́ yìí kì í sì í yá. Ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí àyípadà tó hàn, ó sì lè máa pọ̀ sí i títí di oṣù kẹfà. Ẹni tí ó bá ní ayẹyẹ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ kò ní rí ohun kan jẹ nídìí rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi yan ultrasound dípò lésà ni ọ̀rọ̀ melanin, èròjà tí ó fún wa ní àwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ lésà ni melanin máa ń fà mọ́ra, bí oníṣẹ́ kò bá sì mọ irú èyí tí ó yẹ awọ wa, awọ òkè ni yóò jó. Ìró kò mọ awọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Ní ọdún 2015, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àgbàlagbà 52, láti orí ẹni tí ó pọ́n díẹ̀ títí dé orí adúmáadán, ìṣòro tí ó sì yọjú kò tó nǹkan. Síbẹ̀, èyí kò sọ pé ultrasound kò lè jó ènìyàn. Bí ọ̀pá náà kò bá fara kan awọ dáadáa, tàbí bí jẹ́ẹ̀lì kò bá tó, ooru tí ó yẹ kí ó wọlé yóò dúró sí òkè, ohun tí yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀ ni ìlà pupa, lẹ́yìn náà àpá dúdú, tàbí egbò tí ó lè di àpá wíwú lára ẹni tí ó bá ní irú ara bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Ultherapy ti tayọ lójú tèmi nìyí. Kí ọ̀pá náà tó yọ ooru jáde, ó kọ́kọ́ máa ń ya àwòrán ohun tí ó wà lábẹ́ awọ sí ojú ẹ̀rọ. Dókítà yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ mi kí èmi náà lè rí i: awọ funfun bí ìlà lókè, ọ̀rá ṣókùnkùn díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, egungun sì mọ́lẹ̀ gbòò nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ó dé kọ̀rọ̀ àgbọ̀n mi, níbi tí egungun ti tẹ̀, àwọn ìlà dúdú gbọọrọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í já láti òkè àwòrán náà dé ìsàlẹ̀. Kò tẹ bọ́tìnì. Ó gbé ọ̀pá kúrò, ó fi jẹ́ẹ̀lì kún un, ó yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó sì tún gbé e lé e títí àwòrán fi mọ́ kedere, kí ó tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ká ní ẹ̀rọ tí kò ní àwòrán ni, ì bá ti tẹ bọ́tìnì láìmọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà láàárín ọ̀pá àti awọ mi. Ohun tí mo san owó fún gan-an nìyẹn.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe tuntun. Ilé iṣẹ́ Ulthera ní ìlú Mesa, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ni ó ṣe é. Àjọ FDA, tí ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 2009 fún gbígbé irun òkè ojú sókè, ní 2012 fún ọrùn àti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, àti ní 2014 fún ìlà àyà. Ọdún 2014 yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Merz ti Jámánì rà á.

Kí dókítà náà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti fi pẹ́ńsùlù funfun fa ìlà yí àwọn ibi tí kò ní fọwọ́ kàn ká. Fọ́nrán iṣan (nerve) tí ń darí ètè ìsàlẹ̀ gba etí egungun àgbọ̀n kọjá. Bí ooru bá bà á, ètè yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń padà bọ̀ sípò lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ fi owó ra ìyẹn? Ó fo iwájú ọ̀fun náà, nítorí ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní thyroid tí ó wà níbẹ̀. Ìpéǹpéjú ni ó bà mí lẹ́rù jù. Àwọn dókítà ojú ti kọ ìròyìn nípa àwọn tí wọ́n ṣe HIFU sí ìpéǹpéjú, tí ooru náà wọ inú ẹyinjú, tí ojú wọn sì di bàìbàì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun yóò gbé ọ̀pá yìí lé ìpéǹpéjú yín, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa, torí pé bí ooru bá wọ inú ọ̀rá, ọ̀rá náà lè gbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì jìn wọlé.

Kì í ṣe Ultherapy nìkan ni mo lè fọwọ́ sí. Sofwave, tí ó wá láti Ísírẹ́lì, tí FDA sì fọwọ́ sí ní 2019, nǹkan bí 1.5 mìlímítà ni ìjìnlẹ̀ tí ó máa ń dé. Kò ní àwòrán, ṣùgbọ́n kò jìn tó láti dé ọ̀dọ̀ fọ́nrán iṣan tí mo sọ yẹn, ìyẹn sì jẹ́ kí ó bá ẹni tí ìlà wẹ́wẹ́ ń dà láàmú mu. Ultraformer III ti ilé iṣẹ́ Classys ní Korea jẹ́ ẹ̀rọ gidi pẹ̀lú. Òun náà kò ní àwòrán, nítorí náà ìmọ̀ ẹni tí ó dì í mú ni gbogbo ààbò tí ènìyàn ní. Èyí tí mo kọ̀ pátápátá ni àwọn tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́, àti àwọn kékeré tí wọ́n ní kí a máa lò nílé.

Ní England, òfin Health and Care Act ti 2022 fún ìjọba lágbára láti dá ìwé àṣẹ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ètò náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sì sí òfin tí ó ní dókítà tàbí nọ́ọ̀sì nìkan ni ó gbọ́dọ̀ ṣe HIFU. Iṣẹ́ àyẹ̀wò wá di tiwa. Orúkọ dókítà wà lórí àkọsílẹ̀ àjọ GMC, ti nọ́ọ̀sì wà ní ti àjọ NMC, wíwò rẹ̀ kò sì gba owó. Ẹni tí ó bá wà ní Èkó lè béèrè ìwé MDCN, àjọ tí ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́wọ́ dókítà náà, kí ó sì wò ó bóyá HEFAMAA, àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn ní Èkó, mọ kílíníkì náà. Merz náà ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ àwọn kílíníkì tí ó ní ojúlówó Ultherapy sí. Kílíníkì tí kò bá sí níbẹ̀, tí ó sì ń pe orúkọ náà, ẹ bi í léèrè ìdí.

Àléébù rẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. Ó dunni. Lórí ẹran ara, ó dà bí ooru tí ń ta ni. Lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n, mo di ọwọ́ àga mú ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ mo ti lo oògùn ìrora tí dókítà ní kí n lò. Ojú mi pọ́n díẹ̀, ó wú díẹ̀, ó sì lọ. Ìlà àgbọ̀n mi ti hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti le sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ mí dáadáa lè má ṣàkíyèsí rẹ̀, àti pé yóò nílò àtúnṣe bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ẹni tí awọ ọrùn rẹ̀ ti wọ́ púpọ̀, iṣẹ́ abẹ ni ó lè ràn án lọ́wọ́, dókítà tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Aláboyún àti ìyá tí ń fún ọmọ lọ́yàn kò gbọdọ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní egbò tàbí irorẹ́ líle lójú, tàbí ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ nínú àyà. Wọn kì í sì í gbé e lé orí àpá wíwú.

Nígbà tí a parí, dókítà fún mi ní ìwé kan tí ó kọ irú ẹ̀rọ náà sí, pẹ̀lú ọ̀pá tí ó lò níbi kọ̀ọ̀kan, ìjìnlẹ̀ tí ó dé, àti iye ìlà tí ó fà sí ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì. Ẹ béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀, torí pé bí ohunkóhun bá yọjú lẹ́yìn náà, òun ni dókítà mìíràn yóò kọ́kọ́ fẹ́ rí.