Àyẹ̀wò Ètò Àtúnṣe Ìlànà NFPA 232: Ibi tí Olùtọ́jú Àkọsílẹ̀ ti Lè Sọ̀rọ̀ Lórí Iná

Àjọ NFPA (National Fire Protection Association) ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ń ṣe ìlànà ààbò lọ́wọ́ iná, tí a sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1896, ní ètò kan tí ó fi ń gba àbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tí àkókò bá tó láti tún àwọn ìlànà ààbò lọ́wọ́ iná kọ. Ètò náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí, pàápàá bí ó ṣe kan NFPA 232, ìlànà tí ó dá lórí ààbò àkọsílẹ̀ nínú yàrá fáìlì àti nínú àwọn ilé ńláńlá tí a ń to páálí ìwé sí títí kan òkè àjà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára kò ṣòro láti rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná sọ ní àjà kẹfà, tí ó jẹ́ òkè pátápátá, nínú ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pamọ́ sí nítòsí ìlú St. Louis. Kò sí ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi níbi tí a to fáìlì sí, a kò sì ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì náà. Mílíọ̀nù 16 sí 18 fáìlì ni ó ṣòfò. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún 1912 sí 1960, ìdá 80 nínú 100 ni iná náà jó. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ti sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni ó wá ń wá ẹ̀rí kiri kí ó tó lè gba ohun tí ó tọ́ sí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yìn nínú ètò NFPA ni pé a kò béèrè pé kí ènìyàn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, a kò sì gba owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá sí i yóò forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì àjọ náà, yóò ka ìlànà tí ó wà nílẹ̀, yóò mú gbólóhùn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọ èyí tí ó fẹ́ kí a fi rọ́pò rẹ̀, yóò sì sọ ìdí. Ní ti èmi, ibi ìdí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Bí ènìyàn bá kọ̀wé pé kí ààbò pọ̀ sí i, kò sí ohun tí ìgbìmọ̀ àjọ náà tí ń tún ìlànà kọ lè fi ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣàlàyé pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń to páálí ré kọjá àlàfo tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ afọ́nmi, àti pé nítorí náà kí ìlànà pàṣẹ pé kí a fi ọ̀dà fa ààlà sára pẹpẹ, ìgbìmọ̀ ti rí ohun tí wọ́n lè dìbò lé. Ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú: onímọ̀ iná mọ bí ooru ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ni ó mọ bí a ṣe ń to páálí ní ọjọ́ tí àyè kò bá sí mọ́.

Èyí tí mo kà sí iyebíye jù lọ ni pé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fèsì sí àbá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ìdí ìpinnu wọn sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì lè kà á. Àtúnṣe gbọ́dọ̀ rí ìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, a kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀ka kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ tàbí àwọn tí ń lò ó, ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú ìgbìmọ̀.

Àléébù rẹ̀ wà. A lè ka ìlànà náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì, ṣùgbọ́n a kò lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé láìsanwó, ìyẹn sì ń ni ẹni tí ó fẹ́ jókòó ti gbólóhùn kan lára. Àtúnṣe kan sí òmíràn máa ń tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tí ó bá pẹ́ pẹ̀lú ń pàdánù, nítorí pé ọ̀rọ̀ tuntun tí a kò gbé wá ní ìpele àkọ́kọ́, nígbà tí a ń gba àbá, ni ìgbìmọ̀ lè dá dúró di àtúnṣe tí ń bọ̀.

Mo gba gbogbo olùtọ́jú àkọsílẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n lo ètò yìí, kí wọ́n sì ka òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, 36 CFR 1234, kí wọ́n tó kọ àbá wọn. Òfin náà béèrè pé kí a ṣètò ilé ìpamọ́ lọ́nà tí iná kan kò fi ní jó ju 300 ẹsẹ̀ kúbíkì àkọsílẹ̀ lọ, èyí tí kò ju nǹkan bí 300 páálí kéékèèké. Àbá tí ó bá ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú ni ó rọrùn fún ìgbìmọ̀ láti gbé yẹ̀ wò.